Ọdún tí Mọ́mì Bá Àgbà Jiyàn

Ọdún kan wà nílé wa tí àwa ọmọ ní àṣẹ láti bá ìyá wa jiyàn. Ẹni tí wọ́n bá tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ èmi yóò ní irọ́ ni mò ń pa. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò wo ojú ìyá rẹ̀ kòrókòró, tí yóò ní ohun tí wọ́n sọ kò tọ̀nà, tí kò ní tètè fọwọ́ bo etí kí àbàrá tó dé? Àmọ́ a ṣe é. Orí tábìlì oúnjẹ la ti ṣe é, pẹ̀lú òkèlè lọ́wọ́, Mọ́mì fúnra wọn ló sì pa á láṣẹ. Kí ọdún náà tó parí, obìnrin tí kì í lè gbójú sókè wo àgbà ti dúró níwájú àwọn purofẹ́sọ̀, ó ti sọ tẹnu rẹ̀, ó sì ti borí. Mo ti dàgbà ju bí Mọ́mì ṣe wà nígbà náà lọ báyìí. Mo ní ilé tèmi ní Missouri City, lẹ́bàá Houston, mo ti bímọ, mo ti tọ́mọ, mo sì ti jẹ nínú ayẹyẹ oríṣiríṣi. Kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó ti ọjọ́ yẹn. Bí mo bá ń wakọ̀ lọ tí mo bá rántí rẹ̀, èmi nìkan ni mo máa ń rẹ́rìn-ín, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi á sì máa wò mí.

Gulfton, àdúgbò kan ní Houston ní Amẹ́ríkà, là ń gbé nígbà náà, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí fúláàtì kún inú rẹ̀ bí afárá oyin. Bí mo bá di ojú mi, etí ni mo kọ́kọ́ fi ń rántí ibẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ojú fèrèsé wa máa ń kọ́ ikọ́ àgbàlagbà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Rédíò àwọn ará Mẹ́síkò tó múlé tì wá máa ń kọrin ìfẹ́ láti àárọ̀, àwọn ọmọdé á sì máa bẹ́ gbì sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí omi rẹ̀ ti ń dà bí omi ẹ̀fọ́. Lówùúrọ̀, ẹ óò gbọ́ Dádì tí wọ́n ń bẹ ọkọ̀ wọn kó jọ̀ọ́ kó ṣáná, nítorí The Woodlands ni ọ́fíìsì wọn wà, wọ́n sì ní láti la gbogbo Houston já kí wọ́n tó débẹ̀. Bí ìró ọkọ̀ náà bá ti lọ tán, ìró mìíràn á gbà á, ìyẹn ìró ẹ̀rọ táípù Mọ́mì. Bí a bá tilé ìwé dé, láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn la ti ń gbọ́ ọ, a ó sì ti mọ bí ọjọ́ ṣe rí. Bó bá ń ta wàràwàrà, inú Mọ́mì dùn, a lè tọrọ nǹkan. Bó bá ta lẹ́ẹ̀kan, tó dákẹ́, tó tún ta, tó tún dákẹ́, á jẹ́ pé kí kálukú yọ́ wọlé kó lọ fọ abọ́.

Ànàmọ́ òyìnbó gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń pò mọ́ mílíìkì, la fi ń ro òkèlè. Gààrí wà o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ilé dé ló ń kó o wá nínú àpótí, ti àlejò àti ti aláìsàn sì ni. Táyọ̀ àbúrò mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń run ún ní gbogbo ìgbà tí àlejò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Mọ́mì á wò ó títí, wọ́n á ní inú tó mọ ibi tí gààrí wà, kì í ṣe inú kékeré, wọ́n á sì bu díẹ̀ fún un. Ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà là ń lọ, a máa ń gbàdúrà ìrọ̀lẹ́ tó gùn, ebi á sì máa pa wá níbi tí a kúnlẹ̀ sí. Dádì máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìgbàgbọ́ ọmọdé ṣe lágbára tó, kó jẹ́ kó gbóòórùn ẹran díndín lórí ìkúnlẹ̀.

Mọ́mì ń kàwé láti di dókítà, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ o, ti ìwé ni. Ìtàn ni wọ́n ń kà ní yunifásítì. Ohun tí wọ́n ń wádìí ni bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe dá iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àti bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso rẹ̀. Ìtàn ìjàpá ni ìyá àwọn ẹlòmíràn ń pa fún wọn, tiwa ń sọ̀rọ̀ gómìnà, bárékè àti ọ̀gá ọlọ́pàá. Mọ́mì ní ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ọlọ́pàá tí ọlọ́pàá jẹ́, kó má wo aṣọ ọrùn rẹ̀, kó bi í pé, "Ta lò ń jábọ̀ fún?" Wọ́n ní ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù ń fẹsẹ̀ rìn láàárín ìlú láìgbé ìbọn, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kó wá sí Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Ti Ireland ni wọ́n wò ṣe é, níbi tí ọlọ́pàá ti ń gbébọn, tó ń sùn ní bárékè, tó sì ń jábọ̀ fún ìjọba lókè, tí ará ìlú kò sì lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní Èkó, àwọn Hausa tó sá kúrò lóko ẹrú ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ìbọn àti aṣọ. Àwọn wọ̀nyí kò ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n nínú ìlú, kò sì sí ẹni tó lè wá bẹ̀ wọ́n pé ẹni tí wọ́n mú yẹn, ọmọ àbúrò òun ni. Mọ́mì ní ohun tí ìjọba ń wá gan-an nìyẹn, àjèjì tí kò ní ojú ẹnikẹ́ni láti wò.

Láti kékeré ni mo ti lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni, nítorí Mọ́mì dán an wò lára wa. Èmi Ṣadé ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣọ́ Táyọ̀, pé kí n máa wò ó bóyá ó fọ abọ́, bóyá ó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kó má sì fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n. Kò pẹ́ rárá tí èmi àti àbúrò mi fi mulẹ̀. Bó bá tan tẹlifíṣọ̀n, n kò rí i. Bí mo bá bu ṣúgà lá, kò rí mi. Bí Mọ́mì bá béèrè, a ó ní gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Nígbà tí wọ́n fura, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí fúláàtì ìsàlẹ̀, wọ́n lọ mú Ruka wá, ọmọ-ọmọ Alhaji tó ń gbé níbẹ̀. Ẹgbẹ́ mi ni Ruka, ṣùgbọ́n kò bá wa tan, kò sì fẹ́ràn ṣúgà. Ohun tó bá rí ló ń sọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìyà ti jẹ wá dé ibi tí èmi àti Táyọ̀ jọ jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí a ń sunkún, mo wá sọ fún un pé ohun tí wọ́n ṣe fáwọn ará Èkó ni wọ́n ṣe fún wa yìí, Ruka ni Hausa tiwa. Mọ́mì gbọ́ láti kíṣìnnì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi fara ti ògiri. Wọ́n ní bí mo bá lè sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn purofẹ́sọ̀ àwọn, kí n kúkú lọ gba oyè náà.

Níbi oyè ni ọ̀rọ̀ wà. Kí wọ́n tó lè fún Mọ́mì, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní dìfẹ́ǹsì, ìyẹn ni pé kí wọ́n jókòó níwájú àwọn purofẹ́sọ̀, kí àwọn yẹn máa fi ìbéèrè gbo ìwé náà mọ́lẹ̀, kí Mọ́mì sì máa gbèjà rẹ̀. Láti ìgbà tí Táyọ̀ ti wà lẹ́yìn wọn ni Mọ́mì ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé yìí. Ní ọjọ́ dìfẹ́ǹsì, Dádì gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n din ẹran sílẹ̀, wọ́n sì gbé gààrí àlejò sórí tábìlì. A wá lọ dúró de Mọ́mì nínú ọkọ̀ lábẹ́ igi kan ní yunifásítì. Mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ lókèèrè. Wọn kò sunkún. Wọ́n kàn ń rìn bí ẹni tó ru omi láìní òṣùká, tí kò fẹ́ kó dà sí òun lára. Wọ́n wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé pẹ̀lẹ́, wọ́n sì ní kí Dádì máa wakọ̀ lọ.

Dádì kò wakọ̀. Wọ́n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mọ́mì sọ pé bàbá kan wà láàárín àwọn purofẹ́sọ̀ náà, tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun débi àyà. Àwa ọmọ sọ ọ́ ní Bàbá Onírùngbọ̀n láti ọjọ́ náà lọ. Bàbá yìí ti kọ ìwé kan nígbà tí Mọ́mì ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ nínú rẹ̀ pé ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n wò ṣe gbogbo ọlọ́pàá àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì gbà. Gbogbo ìwé Mọ́mì dá lórí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá Onírùngbọ̀n wá bi Mọ́mì lójúkojú pé ṣé wọ́n ń sọ pé òun ṣe àṣìṣe ni. Dádì béèrè èsì tí Mọ́mì fọ̀. Mọ́mì kọjú sí fèrèsé.

"Mo ní, 'You are right, sir.'"

Dádì pa iná ọkọ̀ náà. "Ìyá Ṣadé, ṣé bàbá yẹn tọ̀nà ni?"

"Ọ̀nà wo? Kò tọ̀nà rárá."

"Kí ló wá dé tí o fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá yẹn ju bàbá mi lọ. Ẹ ò rí orí wọn ni, kò sí irun dúdú kan níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa wo ojú wọn kí n ní wọ́n ń parọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà kò ya Dádì lẹ́nu, kò sì ya èmi náà. Bí àgbà bá sọ̀rọ̀ nílé wa, bẹ́ẹ̀ ni sà là ń wí. Kò túmọ̀ sí pé a gbà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé a gbọ́, a sì mọ̀ pé wọ́n jù wá lọ. Bí wọ́n bá lọ tán, a ó ṣe ohun tó wà lọ́kàn wa, àgbà náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí òun náà ṣe fún àwọn tó jù ú lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó wà nínú yàrá yẹn gba bẹ́ẹ̀ ni bí bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wò ó pé obìnrin yìí ti fi ẹnu ara rẹ̀ da iṣẹ́ ara rẹ̀ nù. Wọ́n ní kó padà wá ní sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀kẹta mọ́, gbogbo làálàá ọdún wọ̀nyẹn á wọgbó. Nígbà tí a délé, Dádì dá gààrí àlejò padà sínú agolo rẹ̀. Táyọ̀ pàápàá kò ní inú ń run òun.

Ẹ̀rọ táípù dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, Mọ́mì jáde sí pálọ̀, wọ́n fún ìró wọn mọ́dìí, wọ́n ní àwọn ní òfin kan láti ṣe. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ dìfẹ́ǹsì, ẹnikẹ́ni nínú ilé tó bá gbọ́ tí àwọn sọ ohun tí kò tọ́, kó sọ ọ́ lójú àwọn, àwọn yóò sì fèsì. Táyọ̀ béèrè bóyá wọ́n máa nà wá. Mọ́mì ní rárá. Táyọ̀ ní kí wọ́n tún un sọ, kí Ruka wá ṣe ẹlẹ́rìí. Báyìí ni ilé wa ṣe di ilé iyàn. A jiyàn lórí aago tó yẹ ká sùn, lórí bóyá abọ́ tí a kò jẹun nínú rẹ̀ yẹ ní fífọ̀, lórí bóyá Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà kúkúrú. Mo gbádùn ara mi, n kò ní tàn yín. N kò tíì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo ní ohùn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ àwa ọmọ kọ́ ni ìṣòro Mọ́mì. Wọ́n lè bá wa fa ọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, wọn kì í sì í jẹ́ ká rí ọ̀nà lọ. Àgbà ni wọn kò lè bá fà á. Dádì bá lọ bẹ Alhaji, bàbá bàbá Ruka. Ọ̀gá ilé ìwé gíga ni Alhaji kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Irùngbọ̀n wọn funfun, ojú wọn sì le bí wọ́n bá fẹ́. Bí wọ́n bá kírun ìrọ̀lẹ́ tán, wọ́n á gòkè wá nínú jalabíà funfun, wọ́n á jókòó dúró títí àwa náà á fi gbàdúrà tán, wọ́n á tilẹ̀ bá wa ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á di Bàbá Onírùngbọ̀n. Wọ́n á ní, "Láti Lọ́ńdọ̀nù ni ọlọ́pàá ti wá. Ìwọ wá ní kò rí bẹ́ẹ̀?" Mọ́mì á la ẹnu, gbogbo wa á na ọrùn, orúnkún Mọ́mì á sì kanlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni sà." Ó ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́. Alhaji bínú, wọ́n bú Mọ́mì, wọ́n sì tún bẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ kan wọ́n tilẹ̀ dé fìlà fẹ̀ǹfẹ̀ ti àwọn darandaran Texas tó jẹ́ ti ọmọ wọn, pé bóyá bí àwọn kò bá jọ Yorùbá mọ́ á rọrùn. Mọ́mì rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kúnlẹ̀ fún fìlà náà.

Ọbẹ̀ ilá ló yọ wá. Ilá pọ̀ ní Houston ju bí ará ilé ṣe máa rò lọ, nítorí àwọn dúdú Amẹ́ríkà ń gbìn ín, wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Mọ́mì ra èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lọ́wọ́ obìnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọ́n fi ẹja gbígbẹ sí i, wọ́n sì ní kí Alhaji wá bá wa jẹun ọ̀sán. Kò sí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Alhaji fọwọ́, wọ́n bu òkèlè, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní ó dùn. Wọ́n wá fi sùúrù sọ ọ́ bí àgbà ṣe máa ń sọ ọ́, pé ohun tó kù díẹ̀ káàtó sí i ni kánún, nítorí ilá tí kò ní kánún kì í ṣe ilá. Mọ́mì gbé àwo omi tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n tẹ orúnkún ba díẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ kan."

"Mo fún ọ."

"Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, sà."

Ni Mọ́mì bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ilá tó gbó àti ilá gbígbẹ ló ń fẹ́ kánún, torí wọn kò lè fà fúnra wọn mọ́. Wọ́n ní ilá tí wọ́n já láàárọ̀ kò nílò ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kánún kàn máa jẹ adùn rẹ̀ ni. Wọ́n ní nílé ìyá àwọn ní Èkó, ẹni tó bá fi kánún sí ilá tútù, wọ́n á bi í bóyá ó ń ṣàìsàn ni. Ojú Alhaji ni wọ́n ń wò ní gbogbo ìgbà yìí, wọn kò ṣẹ́jú. Níkẹyìn, wọ́n ní kí Alhaji fi ṣíbí fa ọbẹ̀ náà sókè wò. Alhaji fà á. Ó gùn, ó gùn, kò já. Alhaji wo ṣíbí náà títí, wọ́n ní, "Mo gbà." Dádì bá gbé òkèlè ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá Ṣadé, ṣé o gbọ́ ara rẹ?"

Mọ́mì fọwọ́ bo ẹnu. Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fọwọ́ gbá tábìlì. Wọ́n ní, "Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. O ti wẹ ọwọ́ rẹ." Mo ti ronú lórí ìrọ̀lẹ́ àti ọ̀sán wọ̀nyẹn gan-an láti ìgbà náà. Kò sí ìgbà kan tí Mọ́mì kò nígboyà. Ilé àgbà ni wọn kò lè já wọ̀ láìkágò. Ní èdè wa, àgò wà fún un: ẹ má bínú, ẹ fún mi láyè, kí àgbà sì yà fún ọ, lẹ́yìn náà o lè wọlé kí o tún gbogbo àga ibẹ̀ tò. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ẹni tó fi ilẹ̀kùn hàn wọ́n, wọ́n wá dúró síta títí. Gbogbo ọjọ́ tí a fi ń kọ́ wọn láti má kúnlẹ̀, ọ̀nà tí a gbà kò dáa. Ó yẹ kí wọ́n kúnlẹ̀ tán, kí wọ́n tó sọ tẹnu wọn.

Dádì ló bá wọn tún gbólóhùn ìtọrọ àyè náà ṣe ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n ní àwọn òyìnbó lè rẹ́rìn-ín, wọ́n lè ní ọmọdé ni Mọ́mì ń ṣe. Mọ́mì ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kì í mú ènìyàn fìdí rẹmi. Alhaji fi kún un pé ọ̀nà kan ò wọjà. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ táípù ti padà sí iṣẹ́, wàràwàrà, láti àárọ̀ títí a ó fi tilé ìwé dé, ó sì dùn létí mi ju orin àwọn ará Mẹ́síkò lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ lè jókòó sẹ́yìn níbi dìfẹ́ǹsì, kó ṣáà má sọ̀rọ̀. Gbogbo wa la lọ. Alhaji wọ agbádá, Ruka wọ bàtà ọdún, Táyọ̀ búra pé òun kò ní béèrè oúnjẹ. Àwọn purofẹ́sọ̀ tó kù béèrè tiwọn, Mọ́mì fèsì dáadáa. Bàbá Onírùngbọ̀n dúró títí gbogbo wọn fi tán. Wọ́n pa ìwé iwájú wọn dé, wọ́n ní ní ìjelòó, Mọ́mì wí fún òun pé, 'You are right, sir,' ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí lọ́kàn wọn? Dádì di ọwọ́ mi mú débi pé ó dùn mí.

Mọ́mì dìde. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dìde. Wọ́n tẹ orúnkún ba fún bàbá náà, dáadáa, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún Alhaji, wọ́n ní, "With your permission, sir, I would like to disagree with you."

Bàbá Onírùngbọ̀n bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n wo àwọn ẹgbẹ́ wọn, àwọn yẹn náà ń wò wọ́n. Mo rò pé ní gbogbo ayé wọn, kò tíì sí ẹni tó tọrọ nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn rí. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n fi ohùn Texas wọn tó ń fà bí ilá sọ pé, "Well, ma'am. Permission granted."

Lẹ́yìn mi, Alhaji mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ó ti yà."

Ẹ̀yin ará, Mọ́mì sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí ọlọ́pàá Èkó bá jẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù, ìbọn wo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Kí ló ń ṣe ní bárékè? Kí ló dé tí wọ́n fi yan ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni láàárín àwọn tó ń ṣọ́? Wọ́n ní aṣọ ọlọ́pàá lè jọ ti Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó ń jábọ̀ fún kò jọ ọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n sọ ọ́ fún wọn pé àwọn ti dán an wò nínú ilé àwọn, pé ọmọ àwọn bo ọmọ àwọn láṣìírí, àfìgbà tí àwọn mú ọmọ ẹlòmíràn wá. Àwọn purofẹ́sọ̀ bú sẹ́rìn-ín, Ruka sì nà tàntàn lórí àga rẹ̀ bí ọ̀gá ọlọ́pàá. Bàbá Onírùngbọ̀n kò fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n tún béèrè, wọ́n tún gbógun. Bí wọ́n bá ti gbógun, Mọ́mì á tẹ orúnkún ba díẹ̀, wọ́n á tọrọ àyè, wọ́n á sì dá ọ̀rọ̀ bàbá náà padà fún wọn. Nígbà tó yá, bàbá náà kò dúró kí Mọ́mì tọrọ mọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fún wọn láyè. Inú wọn ń dùn. Ó hàn gbangba pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá wọn jà dáadáa.

Wọ́n ní ká bọ́ síta, wọ́n sì pè wá padà kí Táyọ̀ tó lè gbàgbé ìbúra rẹ̀. Bàbá Onírùngbọ̀n ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n na ọwọ́ sí Mọ́mì, wọ́n pe Mọ́mì ní dókítà. Ohun tí n kò lè gbàgbé ni pé wọ́n wá gbìyànjú láti tẹ orúnkún tiwọn náà ba. Orúnkún náà ti gan, tábìlì ni wọ́n dì mú. Alhaji sáré dìde, wọ́n ń sọ pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí bàbá yìí ṣubú lọ́jọ́ ìdùnnú. Dádì ń sunkún láìfi pamọ́, èmi ń fò sókè, Táyọ̀ sì ń bi gbogbo ènìyàn bóyá òun lè béèrè oúnjẹ báyìí.

A jẹ gààrí àlejò lọ́jọ́ náà títí agolo fi mọ́ féfé. Àwọn ará Mẹ́síkò gbọ́ ariwo wa, wọ́n gbé rédíò wọn wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì bá wa yọ̀ láìbéèrè ohun tí à ń yọ̀ lé lórí. Bí àwọn ènìyàn bá ti ń kí Mọ́mì kú oríire, Mọ́mì á ní, "Èmi kọ́ o. Ọlọ́run ni. Alhaji ni. Dádì Ṣadé ni." Nígbà tí ẹsẹ̀ pa rọ́rọ́, tó ku àwa ilé àti Alhaji pẹ̀lú Ruka, Mọ́mì kéde pé òfin iyàn ti kógbá sílé láti ìsinsìnyí lọ, kí kálukú padà sí àyè rẹ̀. Ojú Táyọ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Mọ́mì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaji, wọ́n tún ní àwọn kọ́ ni àwọn ṣe é.

Mo dìde lórí àga, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ kan."

Mọ́mì wo Dádì. Dádì wo Alhaji. Alhaji ní ẹni tó tọrọ àyè tó sì rí i gbà láàárọ̀, kò lè fi du ọmọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

"Mo fún ọ," ni Mọ́mì wí.

"Ohun tí ẹ sọ yẹn kò tọ̀nà, mà. Ọlọ́run ṣe é, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Alhaji kọ́ ló dúró níwájú wọn. Dádì kọ́. Ẹ̀yin ni."

Etí mi ti ń gbóná sílẹ̀ de àbàrá. Mọ́mì wò mí títí, n kò sì gbójú kúrò. Gbogbo ayé wọn ni wọ́n ti ń wí bẹ́ẹ̀ ni fún àwọn tó jù wọ́n lọ láìdénú. Èmi kì í ṣe àgbà wọn, kò sí ìdí tí wọ́n á fi wí fún mi ohun tí kò dé inú wọn. Ojú wọn kún fún omi, wọ́n sì tún jókòó dáadáa lórí àga wọn.

"Mo gbà," ni wọ́n wí. "Èmi ni."